Májèlé ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀, ẹ fi ìbọn sílẹ̀ fún ọdẹ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé kan kọ sí yín láti Ìbàdàn, níbi tó ti ní kí ìjọba gba gbogbo ìbọn ọwọ́ àwọn ọdẹ, torí pé àgbẹ̀ òde òní kò nílò ọdẹ mọ́. Ó ní kẹ́míkà ti pọ̀ lọ́jà tí àgbẹ̀ lè fi pa ohunkóhun tó bá ń jẹ ohun ọ̀gbìn rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n fèsì. Àgbẹ̀ ni mí ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ọdẹ sì ni mí; bàbá tó bí mi náà ṣe méjèèjì. Mi ò ní bá a jiyàn lórí ìbọn tó ń ṣọṣẹ́ lójú títì, èmi náà ń gbọ́ ìròyìn. Àmọ́ níbi tó ti ní kí á fi kẹ́míkà rọ́pò ìbọn, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò tíì sùn lóko rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń bá wa fà á. Òyà ni olórí wọn. Bí òyà bá wọ oko àgbàdo lóru, kì í jẹ ọmọ àgbàdo kó sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ìdí ló ti máa gé igi àgbàdo ọ̀hún, ojú ibi tó gé á dagun bí ibi tí àdá mímú bá. Igi á wó, òyà á jókòó tì í, á máa gé e ní ègé ègé, á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, á tún bọ́ sórí òmíràn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ègé igi tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ lẹ máa bá káàkiri, àti ojú ọ̀nà róbótó tó gbà padà sínú eèsún. Ó ń ṣe ìrẹkẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ń ṣe ìrẹsì bẹ́ẹ̀, kò dá ẹ̀gẹ́ sí. Ẹran tó lè wọn kìlógíráàmù mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí kì í sì í sábà dá jẹ̀, ẹ fojú inú wo ohun tí agbo rẹ̀ lè ṣe sí oko kan kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ àti àparò kì í dúró de ìgbà tí àgbàdo bá gbó. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ni wọ́n ń hú, wọ́n á máa tọ poro lọ láti ihò kan dé èkejì. Ẹ̀gà ń kó ìrẹsì àti ọkà bàbà, òkété ń wú ẹ̀gẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní kí n fi màlúù kún un. Ọ̀rọ̀ màlúù ní ọ̀nà tirẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbọn rárá, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi lẹ́tà mi yìí gbè é lẹ́sẹ̀.

Kí wá ni kẹ́míkà tí òǹkàwé yín ń sọ ń ṣe lóko? Ojú mi ló ṣe. Wọ́n á fi ọ̀tápíápíà tàbí oògùn kòkòrò kòkó sínú oúnjẹ, wọ́n á tò ó sójú ọ̀nà òyà. Òyà tó bá jẹ ẹ́ lè má kú síbẹ̀. Á wọ́ ara rẹ̀ lọ, nígbà míì sínú oko ẹlòmíràn, á wá kú síbi tí ẹni tí kò mọ ohunkóhun á ti bá a. Ta ni yóò rí òyà nílẹ̀ tí yóò fi í sílẹ̀? Wọ́n á fi iná jó irun rẹ̀, wọ́n á là á nínú, wọ́n á fi igi nà án, ó di ojú títì márosẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọkọ̀ kọjá ẹ mọ àwọn tó máa ń gbé e sókè sí ọkọ̀. Ẹ má gbà pé iná tí wọ́n fi yan án á yọ májèlé kúrò níbẹ̀.

Ajá tó bá jẹ ìfun rẹ̀ á kú, igún tó bá jẹ ajá náà á kú tẹ̀lé e. Ìgbà wo lẹ rí igún kẹ́yìn lójú ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù? Nígbà kan, lílé la máa ń lé wọn kúrò níbẹ̀. Àjọ IUCN tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹranko ayé ti kọ igún wa yìí mọ́ àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n parun láti 2015. Májèlé sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń tà wọ́n fún àgbo àti òògùn náà ní ẹjọ́ tiwọn jẹ́.

Kì í sì í ṣe pé ìjọba kò mọ̀. Gámálìn tí àwọn bàbá wa ń fín sí kòkó, tí àwọn apẹja kan wá sọ di oògùn ẹja, lindane ló wà nínú rẹ̀. Lindane yìí wà lára àwọn tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ fẹnu kò lé lórí lábẹ́ àdéhùn Stockholm lórí kẹ́míkà olóró ní 2009 pé kí wọ́n yé lò lóko. Ní 2019, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní kí ìgò kéékèèké dichlorvos, oògùn kòkòrò tó sábà máa ń wà nínú ọ̀tápíápíà, láti 100 ml lọ sísàlẹ̀, kúrò lọ́jà. Èyí tí wọ́n ń lé kúrò lọ́jà nítorí ẹ̀mí èèyàn, òun ni òǹkàwé yín fẹ́ kí á máa fi pa ẹran tí èèyàn yóò jẹ.

Ẹran tí ọdẹ bá yìnbọn pa, ojú ọta á wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra òyà, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Bó bá jẹ́ tàkúté ló mú un, ojú okùn á wà lọ́rùn tàbí lẹ́sẹ̀. Bó bá jẹ́ ajá ló lé e bá, ẹ ó rí ojú eyín. Èyí tí kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ bi olówó rẹ̀ bó ṣe kú. Mo mọ̀ pé inú àwọn oníbàárà wa kan kì í dùn bí eyín wọn bá gbá ọta nínú ọbẹ̀. Ẹ tu ọta dànù, ẹ máa jẹ ẹran yín lọ. Wọ́n tún máa ń ní ẹran ọdẹ ti wọ́n jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. A ṣì ń tà á fún yín, ẹ dúpẹ́.

Ìdí tí ìbọn fi ká òyà ni pé òyà kì í ṣe èkúté ilé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó fún èkúté láti lóyún kó sì bí, kò sí ọdẹ tó lè yìnbọn kó tán. Òyà ní tirẹ̀ ń gbé oyún tó nǹkan bí oṣù márùn-ún, ọmọ tó ń bí lẹ́ẹ̀kan kì í sábà pọ̀ ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Bí ọdẹ kan bá ń yẹ etí oko wò láti ìgbà tí àgbàdo ti tó orúnkún títí di ìkórè, agbo tó wà nítòsí á dínkù débi tí àgbẹ̀ á fi rí nǹkan kó wálé. Òkété ń kọ́? Pàkúté ni tirẹ̀. Ní ti ẹ̀gà, ẹ má da ẹ̀tù nù. Ẹ yìn ín sí àárín wọn, àwọn tó kù á fò lọ sórí igi, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á padà. Àwọ̀n àti ọmọ tó mọ kànnàkànnà ta ló ń gba ìrẹsì là.

Ìbọn wo ni kí á wá máa lò? Èyí ni àwa ọdẹ fi ń ṣàríyànjiyàn nídìí ẹmu. Ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọ́, ẹnu la ti ń kì í. Ẹ̀tù ló ń ṣáájú, a ó ki ìháhá ẹyìn lé e, a ó fi ọ̀pá gún un kó le dáadáa, kí ọta tó tẹ̀lé e, a ó tún fi ìháhá dí i kí ọta má dà jáde bí a bá dorí ìbọn kodò. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, irin á bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Bó bá kéré jù, ẹran á gbé ọgbẹ́ wọ igbó, á lọ jẹrà síbi tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Àwọn kan tilẹ̀ ń kó ìṣó àti irin wẹ́wẹ́ sí i dípò ọta. Lójú tèmi, irú wọn kì í ṣe ọdẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ṣakabùlà ń dún. Kí ẹ tó kì í tán, òyà ti dé oko ìkejì.

Dọ́bù bárẹ́ẹ̀lì, ìbọn ẹlẹ́nu méjì tó ń lo kátíríìjì, sàn jù ú lọ fún òyà, bí ẹ bá ra kátíríìjì tí ọta inú rẹ̀ kéré tó sì pọ̀. Èyí tí ọta rẹ̀ tóbi, ìgalà ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè ba òyà níkùn, kó sì sá lọ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó súnmọ́ tó ìṣísẹ̀ ọgbọ̀n, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó máa fi kátíríìjì olówó ńlá pa ọ̀kẹ́rẹ́? Ìbọn afẹ́fẹ́ ló yẹ fún ọ̀kẹ́rẹ́ àti àparò, èyí tí kò lo ẹ̀tù, tó jẹ́ afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ ló ń ti ọta kékeré jáde. Kì í pariwo, kì í sì í gbé ọta lọ bá aládùúgbò lókèèrè tó ìbọn ẹ̀tù.

Àbúrò mi kan wà ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó máa ń bá àgbẹ̀ ibẹ̀ lé ẹyẹlé igbó àti ehoro lóko. Ní England àti Wales, ẹni tó ti pé ọdún 18 lè ra ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn tí agbára tó fi ń ti ọta jáde kò ju foot-pound 12 lọ láìgba ìwé àṣẹ. Scotland ní tirẹ̀ ti ń béèrè ìwé àṣẹ fún un láti òpin 2016. Bó bá ti wá di ìbọn oníkátíríìjì tàbí ráífù, títí kan ráífù kékeré tí wọ́n fi ń pa ehoro, ọlọ́pàá á wá sílé, wọ́n á wo àpótí irin tí wọ́n máa ti ìbọn mọ́, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ ìlera onítọ̀hún lọ́wọ́ dókítà. Ọdún márùn-ún ni ìwé náà fi ń ṣiṣẹ́.

Lọ́dọ̀ wa, òfin ìbọn tí a ń lò, ti 1959 ni. Ìbọn afẹ́fẹ́ àti dọ́bù bárẹ́ẹ̀lì jọ wà nínú ọ̀wọ́ kan náà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá sì ni àṣẹ méjèèjì ti ń wá. Ṣakabùlà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin náà kò fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 níbọn, kò fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, kò fún ọ̀mùtí, kò fún ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Níbo ni èyí ti burú? Mímú un ṣiṣẹ́ ni wàhálà. Nígbà tí mo lọ tún ìwé tèmi ṣe ní ọ́fíìsì kan, lọ-kí-o-bọ̀ ni wọ́n fi mí ṣe. Ẹni tó máa fọwọ́ sí i kò sí ńlẹ̀, fọ́ọ̀mù ti tán. Àwọn tí a jọ ń ṣọdẹ wò mí, wọ́n bá kúkú fi ṣakabùlà tiwọn sínú àjà. Ìbọn tí orúkọ rẹ̀ kò sí níwèé kankan, ta ló mọ ọwọ́ tó máa bọ́ sí? Nígbà tí àwọn gómìnà wa dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, àwa ọdẹ yìí kan náà ni wọ́n wá gbà.

Àwa náà ní ẹjọ́ jẹ́ ṣá. Àwọn kan máa ń yìnbọn sí ojú méjì tó ń tàn nínú iná láì tíì rí ara tó ni ojú náà. Ojú ewúrẹ́ ń tàn bẹ́ẹ̀, ojú ajá ọdẹ ń tàn bẹ́ẹ̀, tọ́ọ̀ṣì orí ẹlẹgbẹ́ rẹ láàárín ewé náà ń tàn bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni "ọdẹ yìnbọn pa ọdẹ" tí ẹ ń gbé jáde ti sábà máa ń wá, ẹgbẹ́ ọdẹ gbọ́dọ̀ gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń pa akika, ẹranko abìpẹ́ tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ. Èèrà àti ikán ni akika ń jẹ, kò fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́ àgbẹ̀ kankan rí. Òfin dáàbò bò ó. Ẹni tó bá pa á tó ní oko lòun ń gbà là, irọ́ ló ń pa, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bá kọjá ààlà wọ Old Oyo National Park, igbó ọba tí òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣọdẹ, lọ ṣọdẹ.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò le. Kí àwọn ọlọ́pàá tó ń bójú tó ìwé àṣẹ máa wá sí olú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ ọjà, kí olórí ọdẹ abúlé wá jẹ́rìí sí ẹni tó mọ̀, kí wọ́n wo ìbọn bóyá irin rẹ̀ ṣì dára, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí owó rẹ̀ wà lára ògiri kí gbogbo ayé rí i. Ní ti ìbọn afẹ́fẹ́, ilé aṣòfin Ìbàdàn kò lè fọwọ́ kàn án, torí pé ìwé òfin 1999 ti kó ọ̀rọ̀ ìbọn sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Àwọn tó ń ṣojú Òkè-Ògùn l'Ábùjá ni mo ń bá wí. Kí wọ́n yọ èyí tí agbára rẹ̀ kéré kúrò nínú ọ̀wọ́ dọ́bù bárẹ́ẹ̀lì, kí ọlọ́pàá tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ lè fọwọ́ sí i fún àgbẹ̀ tó bá ní oko tó sì ní ẹlẹ́rìí, kí òjò àkọ́rọ̀ tó ń bọ̀ tó dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àgbẹ̀ àti ọdẹ kan,
Ìsẹ́yìn.