Àkànjí, ṣé orí ń fọ́ ọ?

Houston, Texas
Ọjọ́ Àìkú, oṣù kọkànlá

Àkànjí, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ kú òtútù ìlú tí o wà. Ó pé ọjọ́ méjìlélógún lónìí tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ kẹ́yìn, bí a bá yọ ti ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí o tẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, “Mo wà dáadáa,” èyí tí àjèjì pàápàá lè tẹ̀ ránṣẹ́ sí àjèjì.

N kò kọ̀wé nítorí owó. Bàbá rẹ ní kí n béèrè owó òrùlé ilé Abẹ́òkúta tí o ní wàá fi ránṣẹ́ ní ìparí oṣù tó kọjá. Mo ti béèrè rẹ̀ báyìí, ó parí. Ẹ̀jẹ̀ wọn tó ru ti wálẹ̀ díẹ̀, Fúnmiláyọ̀ ti yege ìdánwò rẹ̀, ajá àwọn ará ilé kejì sì ti bí ọmọ márùn-ún. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni èyí tí Ìyá Ṣọlá fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, lójú gbogbo ènìyàn, bí ẹni pé ohun ayọ̀ ni. Mo rí i bí wọ́n ti gbé bọ́ọ̀lù lé ọ lọ́wọ́ nínú ìdíje bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yín, tí o sáré wọ àárín àwọn òmìrán wọ̀nyẹn, tí ọ̀kan nínú wọn fi àṣíborí rẹ̀ kan tìrẹ. O ṣubú, o dìde, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí o kọjú sí ni èmi ń wò: ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ ń bá díje ni o ń lọ, kí ẹnìkejì rẹ tó fà ọ́ lápá padà. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi ọ́, o rẹ́rìn-ín, o ní àṣíborí ló yí bò ọ́ lójú.

Ṣé orí ń fọ́ ọ, Àkànjí? Ṣé ìmọ́lẹ̀ ń gún ọ lójú?

Má purọ́ fún mi. Ọdún 26 ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo mọ ìrìn ẹni tí kò mọ ibi tí òun wà. Mo sì mọ̀ pé òfin líìgì yín, NFL, sọ pé kí dókítà tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan wà létí pápá, àti pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bá mì gbọ́dọ̀ la ìpele márùn-ún kọjá kí wọ́n tó dá a padà sínú ìdíje. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí àwọn dókítà ń bi ọ́, ìwọ nìkan ni o mọ ìdáhùn rẹ̀, bí o bá sì ti pinnu pé o kò ní sọ, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe?

Mo mọ ohun tó ń dí ọ lẹ́nu. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ́ wa nínú pálọ̀ yìí pé running back, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré bíi tìrẹ, kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, pé ọ̀pọ̀ wọn kì í lò tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi ń di ẹni àná. Pé ìwé àdéhùn ọdún 4 ni o fọwọ́ sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ kì í ṣe owó tó dájú, torí wọ́n lè já ọ sílẹ̀ nígbàkígbà, kí wọ́n sì fi ọmọdékùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, tí owó rẹ̀ kéré sí tìrẹ, sí àyè rẹ. Bí o bá jókòó ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọdékùnrin náà yóò sáré ní ipò rẹ. Ó yé mi. Alágídí ni ọ́, ṣùgbọ́n o kì í ṣe òmùgọ̀.

Bàbá rẹ a máa sọ̀rọ̀ Jay Ajayi, running back bíi tìrẹ, bí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, torí pé orúkọ wa ló wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i, kí àwọn òbí rẹ̀ tó kó o wá sí Amẹ́ríkà ní kékeré. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ líìgì ń yan àwọn ọmọ tuntun ní 2015, ìpele karùn-ún ni wọ́n tó mú un, nítorí pé orúnkún rẹ̀ ń ba àwọn ẹgbẹ́ lẹ́rù. Ní 2016, ó sáré ju 200 yáàdì lọ nínú ìdíje mẹ́ta fún Miami, ó sì wà lára àwọn tó gba Super Bowl, ife ẹ̀yẹ líìgì náà, fún Philadelphia ní oṣù kejì 2018. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ máa ń dá ìtàn náà dúró. Èmi ni mo máa ń parí rẹ̀ fún wọn: kí oṣù kẹwàá ọdún yẹn tó parí, iṣan orúnkún rẹ̀ ti já, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 27 nígbà tó gbá ìdíje rẹ̀ ìkẹyìn ní líìgì yẹn. Wo Earl Campbell, running back àtijọ́ tí gbogbo Houston ń pariwo orúkọ rẹ̀: láti 1978 títí dé 1980, kò sí ẹni tó sáré tó yáàdì tirẹ̀ nínú líìgì, bẹ́ẹ̀ ni kì í yẹ̀ fún ènìyàn, ṣe ló máa ń gba àárín wọn kọjá. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ tó gbé e sáré kò lè gbé e rìn dáadáa mọ́, tó fi di ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn.

Ṣùgbọ́n ti ẹsẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ń pààrọ̀ orúnkún níbi iṣẹ́ mi lójoojúmọ́. Orí ni mo ń sọ.

Ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa ni dókítà tó yẹ ọpọlọ Mike Webster, tó ti gbá bọ́ọ̀lù yín yìí rí, wò ní Pittsburgh ní 2002, Bennet Omalu. Ọmọ ọdún 50 ni Webster nígbà tó kú, ayé rẹ̀ sì ti dàrú tipẹ́ kó tó kú. Nígbà tí Omalu gbé ọpọlọ náà síwájú, lójú lásán, kò sí ohun tó ṣe é. Ìgbà tó gé e wẹ́wẹ́, tó fi ẹ̀rọ wò ó, ló tó rí ìbàjẹ́ tí kíkan orí léraléra ṣe sí inú rẹ̀. Nítorí náà, má sọ fún mi pé ara rẹ le. Ara Webster náà le.

Èmi kọ́ ni ó yẹ kí n máa bá ọ wí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bóyá o ti gbàgbé. Èmi kò gbàgbé. Ọmọ ọdún 16 ni ọ́, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, a ń ti pápá ilé-ẹ̀kọ́ yín bọ̀. Nígbà tí a dé ojú títì Bissonnet, o ní kí n dúró, o ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, o bì. O tún bì. O wá bi mí pé ìgbà wo ni ìdíje náà máa bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a délé, iná ń gún ọ lójú, mo sì ta ìró àdìrẹ mi bo fèrèsé yàrá rẹ nítorí iná òpó ìta. Ká ní ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n gbé wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní jẹ́ kí ó kúrò lórí ibùsùn kí dókítà tó rí i. Ṣùgbọ́n àwọn ará yunifásítì ń bọ̀ wá wò ọ́ ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, a kò sì ní owó ilé-ẹ̀kọ́ kankan nílẹ̀. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ, mo ní, “Má sọ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá yín. Ọkùnrin ni ọ́. Yóò lọ.”

O gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. O gba touchdown mẹ́ta ní ọjọ́ Ẹtì náà, ìyẹn ni pé ìgbà mẹ́ta ni o gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá wọn, mo sì jó títí ìró yẹn kan náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú nídìí mi. Wọ́n fún ọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá rẹ kò mọ̀ títí di òní olónìí. Nígbà tí mo rí ọ lórí fóònù Ìyá Ṣọlá tí o ń rẹ́rìn-ín sí àwọn oníròyìn, mo mọ ẹni tó kọ́ ọ ní ẹ̀rín náà.

Barry Sanders, ògbóǹtarìgì running back, fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní 1999, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Mo mọ̀, wàá ní ìwọ kì í ṣe Barry Sanders, owó rẹ kò sì tó tirẹ̀. N kò ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀. N kò tíì ní kí o fi í sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé mo mú ọ̀rọ̀ tí mo sọ létí ibùsùn rẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà kúrò. Sọ fún wọn. Ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí o tó wọ aṣọ ìgbáradì, sọ fún dókítà yẹn gbogbo ohun tó ń ṣe ọ́, àti gbogbo èyí tó ti ṣe ọ́ rí, títí kan ti ojú títì Bissonnet. Bí wọ́n bá já ọ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, yàrá rẹ ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Ti òrùlé Abẹ́òkúta, kí òjò máa rọ̀ wọlé.

Mo ti gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin níbi iṣẹ́. Ọkọ̀ òfuurufú mi yóò balẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ ilé yín kí wọ́n jẹ́ kí n wọlé bí o kò bá tíì dé. Bàbá rẹ rò pé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ nìkan ni mo ń gbé bọ̀. Mo ti di ìró àdìrẹ náà sí abẹ́ rẹ̀, nítorí fèrèsé rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ