Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ Yé Yọ Tẹmosítáàtì Dànù Nínú Ọkọ̀ Kékeré

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ sì kú làálàá ọ̀sẹ̀. Mo kọ ìwé yìí nítorí àṣà kan tó ti fìdí múlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì wa láti Muṣin dé Ṣómólú, láti Ojúẹlẹ́gbà dé Agége, tó sì ń pa àwọn ọkọ̀ kékeré tó ti dàgbà kí ọjọ́ wọn tó pé. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan péré, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń ṣe ni pé kí wọ́n yọ tẹmosítáàtì rẹ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń darí bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná sí, sọ nù, kí wọ́n so fánnù rẹ̀ mọ́ iná tààrà, kí wọ́n sì sọ fún ẹni tó ni ín pé wàhálà ti tán. Wàhálà kò tán o, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, mi ò sì mọ ibi tí òwe yìí tún ti bá ọ̀rọ̀ mu tó ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn ọkọ̀ wa.

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti fòpin sí owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 náírà ní Èkó láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ti gbé jíìpù jókòó sílé, tí wọ́n ń wá Nissan Micra, Toyota Starlet, Volkswagen Golf àti Toyota Yaris kiri. Náírà tún já wálẹ̀ níwájú dọ́là lọ́dún kan náà, owó ọkọ̀ tòkunbọ̀ sì di ohun tí apá ẹlòmíràn kò ká mọ́. Èyí tí kálukú ní lọ́wọ́ ni yóò máa tọ́jú. Ẹ sì rántí pé láti ọdún 1999 ni Toyota ti dáwọ́ ṣíṣe Starlet àtijọ́ dúró, tó túmọ̀ sí pé èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù lọ nínú wọn ní títì wa ti lé ní ọdún 25. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè fara da ìwà àìbìkítà, ṣùgbọ́n bí a bá tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ, yóò sìn wá dáadáa.

Èmi Micra ni mò ń wà, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1992, tí àwọn ará Ìbàdàn sọ di takisí. Kò sí ẹni tó yẹ kó fojú di ọkọ̀ yìí. Òun ló gba àmì ẹ̀yẹ Ọkọ̀ Ọdún ní ilẹ̀ Yúróòpù ní 1993, òun sì ni ọkọ̀ Japan àkọ́kọ́ tó gbà á. Kò gùn tó mítà 4, kò sí kọ̀rọ̀ tí kò lè wọ̀ ní Ṣómólú, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré jù jẹ́ lítà 1, ṣéènì onírin ló sì wà fún táímìn rẹ̀ dípò bẹ́líìtì rọ́bà. Ojoojúmọ́ iṣẹ́ ló ń gbé mi gba orí afárá Third Mainland lọ sí Erékùṣù Èkó, tó sì ń gbé mi padà. Ẹni tó bá mọ afárá náà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 11.8, mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fẹ́ kí ọkọ̀ òun dákú sí.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀ kò rí tẹmosítáàtì sójú rí. Kò kún àtẹ́lẹwọ́. Ẹnu ibi tí omi ń gbà láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀ ni wọ́n máa ń fi í sí. Ìda kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń yọ́, tó sì máa ń wú bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n kan, wíwú yẹn ni yóò sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì ọkọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀kùn náà wà ní pípadé, omi kò ní lọ sí rédíétọ̀, inú ẹ́ńjìnnì ni yóò ti máa yípo títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Bó bá dé nǹkan bí 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ilẹ̀kùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀, omi gbígbóná yóò lọ gba atẹ́gùn nínú rédíétọ̀, èyí tó ti tutù yóò sì wọlé rọ́pò rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wà lórí eré, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, tẹmosítáàtì á pa ilẹ̀kùn dé díẹ̀. Bó bá kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, á ṣí i gbayawu. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe láìsinmi, kí ooru ẹ́ńjìnnì má bàa máa lọ sókè sódò.

Èsì tí mo máa ń gbọ́ bí mo bá bá àwọn mẹkáníìkì wa sọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé ti ìlú òtútù ni tẹmosítáàtì, pé àwọn òyìnbó fi í sí i nítorí yìnyín wọn ni, pé ooru Èkó ti tó ọkọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ooru ìta ní Èkó kì í sábà kọjá 35, àní nínú oṣù Kẹta tí oòrùn ń mú janjan, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ 80 sí 90, nígbà mìíràn ó ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó lè ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Bí ọkọ̀ tí kò ní tẹmosítáàtì bá ń sáré lórí Third Mainland ní ìdájí, tí atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ lù ú, ó lè dé Adéníji Adélé kí omi inú rẹ̀ má tíì gbóná tó bó ṣe yẹ.

Ibi tó ti ń dun ẹni ni àpò. Kọ̀ǹpútà tó ń pín epo fún ẹ́ńjìnnì gbára lé sẹ́ńsọ̀ kan tó ń sọ fún un bí omi ṣe gbóná sí. Bí sẹ́ńsọ̀ yìí bá ń sọ pé ara ẹ́ńjìnnì kò tíì yá, kọ̀ǹpútà á máa bu epo kún epo, bẹntiróòlù tí a torí rẹ̀ lọ ra ọkọ̀ kékeré á sì máa jó dànù. Kò tán síbẹ̀. Nígbà tí epo bá ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, omi díẹ̀ máa ń ti ibẹ̀ jáde, ooru ló sì yẹ kó gbẹ ẹ́. Bí ooru kò bá tó, omi náà á dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì, a ó wá rí ìfófòó aláwọ̀ mílíìkì lábẹ́ ìdérí ibi tí a ń gbà bu ọ́ìlì. Mẹkáníìkì mìíràn á rí ìfófòó yìí, á ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́, á sì tú ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe nǹkan kan palẹ̀. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí Golf aládùúgbò mi kan, ọkọ̀ náà kò sì gbádùn mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti tú u.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń ké gbàjarè. Yaris àkọ́kọ́ tí Toyota gbé jáde ní 1999 kò ní abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru hàn. Iná búlúù ló ní fún ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ó sì ní iná pupa fún ìgbà tó bá gbóná jù. Ẹni tí iná búlúù rẹ̀ kì í tètè kú láàárọ̀, kó lọ yẹ tẹmosítáàtì wò. Àwọn ọkọ̀ tó ṣeé so mọ́ ẹ̀rọ àyẹ̀wò tilẹ̀ lè kọ ọ́ sílẹ̀ ní nọ́ńbà, P0128, èyí tó ń sọ pé omi kò gbóná dé ibi tó yẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé kí wọ́n pa nọ́ńbà náà rẹ́, kí wọ́n sì gba owó.

Nígbà tí mo ra ọkọ̀ tèmi lọ́wọ́ ẹni tó lò ó ṣáájú mi, mo ṣàkíyèsí pé abẹ́rẹ́ ooru rẹ̀ kì í dé àárín bí mo bá wà lórí eré, epo rẹ̀ sì ń tètè tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan wò ó, ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń tutù yẹn ló dáa jù.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé ọkọ̀ lọ bá bàbá kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Bárígà. Bàbá tú bóòtù méjì, ó gbé ìdérí ibẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pè mí pé kí n wá fojú ara mi rí i: ihò lásán ni, gọ́ọ̀mù dúdú ni wọ́n fi dí etí rẹ̀ yíká. Ó rán ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ọjà Ládìpọ̀, ó ní kó ra tẹmosítáàtì méjì wá, ọ̀kan tuntun nínú páálí, èkejì Belgium, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun, kó sì rí i pé 82 ni wọ́n tẹ̀ sára méjèèjì.

Bàbá kò fi èyíkéyìí sínú ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó gbé ìkòkò omi ka orí sítóòfù, ó fi òwú so méjèèjì rọ̀ sínú omi náà láìjẹ́ kí wọ́n kan ìsàlẹ̀, a sì jókòó tì í. Kí omi tó hó rárá ni Belgium ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu, fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí ìmọ́lẹ̀ láàárín irin rẹ̀, kó tó wá ṣí dáadáa. Tuntun inú páálí dúró gbọnin títí omi fi ń hó gùdùgùdù. Bàbá yọ ọ́, ó dì í padà sínú páálí rẹ̀, ó ní kí ọmọṣẹ́ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ká ní wọ́n ti fi èyí sínú ọkọ̀ mi láìdán an wò ni, ọkọ̀ ìbá gbóná, wọn ì bá sì tún fi ẹ̀rí rẹ̀ sọ pé tẹmosítáàtì kò dára fún Èkó. Mo gbàgbọ́ pé ibẹ̀ gan-an ni àṣà yìí ti ṣẹ̀. Àwọn ayédèrú tó pọ̀ lọ́jà ló sọ ojúlówó di ẹni ìfura.

Ti fánnù kò yàtọ̀ sí èyí. Bí ṣúìṣì tàbí rilé tó ń tan fánnù bá kú, rewáyà á so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́, á máa yí láti ìgbà tí a bá sítáàtì ọkọ̀ títí di ìgbà tí a bá pa á, ì báà jẹ́ àárọ̀ kùtùkùtù, ì báà jẹ́ inú òjò. Bí mọ́tò fánnù bá wá jó nítorí iṣẹ́ àṣekúdórógbó, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni yóò ti hàn, nítorí ibẹ̀ nìkan ni atẹ́gùn ìta kì í ti ran rédíétọ̀ lọ́wọ́.

Omi tí a ń bù sínú rédíétọ̀ náà ń bá wa jà. Omi bórehóòlù ọ̀pọ̀ àdúgbò wa kún fún ìpáta, ti apá Erékùṣù sì máa ń ní iyọ̀ nínú. Ẹ́ńjìnnì Micra jẹ́ alumíníọ̀mù, irú omi bẹ́ẹ̀ sì máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti inú, ìdọ̀tí rẹ̀ á sì dí ojú rédíétọ̀. Kúláǹtì tí a pò mọ́ omi mímọ́ ló yẹ níbẹ̀, pẹ̀lú ìdérí rédíétọ̀ tó ṣì lágbára. Ìdérí yìí kì í ṣe ìdérí lásán: èyí tí wọ́n kọ 0.9 sí lórí, ìyẹn ìwọ̀n ìfúnpá rẹ̀, ń fún omi mọ́nú débi pé omi tó yẹ kó hó ní 100 yóò kọjá 115 kó tó hó. Bí sípíríǹgì rẹ̀ bá ti rọ̀, ọkọ̀ yóò máa da omi sílẹ̀, wọn yóò sì tún di ẹ̀bi ru tẹmosítáàtì. Ẹ jọ̀wọ́, ìgbà tí ọkọ̀ bá tutù pátápátá nìkan ni kí ẹ máa ṣí i.

Àwọn mẹkáníìkì kan tún ń gé katalísítì, àpótí tó ń dín májèlé inú èéfín ọkọ̀ kù, kúrò lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n ní ó ti dí, bẹ́ẹ̀ àwọn oníṣòwò kan ń rà á nítorí platinum, palladium àti rhodium inú rẹ̀. Bó bá dí ní tòótọ́, kí ẹni tó ni ọkọ̀ bèèrè ohun tó dí i, kó sì gba irin rẹ̀ sọ́wọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, NATA, ní gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ní Èkó ni pé kí wọ́n má ṣe fírídọ́ọ̀mù fún ọmọṣẹ́ kankan tí kò bá tíì lè fi ìkòkò omi gbígbóná dán tẹmosítáàtì wò níṣojú ọ̀gá rẹ̀, kó sì sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Kò ná wọn ní nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, bí ọkọ̀ yín bá gbóná, ẹ béèrè ohun tó fà á kí ẹ tó gbà kí wọ́n yọ ohunkóhun: ṣé rédíétọ̀ ló dí ni, ṣé ìdérí ni, ṣé fánnù ni, àbí ọ́ọ̀sì ló ń jò? Ohun tí wọ́n bá sì yọ, ẹ gbà á mú dání lọ sílé. Olóòtú, bí àyè bá wà, mo bẹ̀ yín kí ẹ fún àwọn àgbà mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ wọn ní ojú ìwé kan lóṣooṣù, kí wọ́n máa fi èdè wa ṣàlàyé irú nǹkan báwọ̀nyí, nítorí àwọn tó ń wa ọkọ̀ wọ̀nyí ló ń ka ìwé ìròyìn yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ṣómólú, Èkó