Bàhíà ò jìn tó bá a ṣe rò

Bùnmi mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ voice note tó o fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú Mọ́mì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, ẹkún ò jẹ́ kí n lè dá ẹ lóhùn, mo wá ní kí n kúkú jókòó kọ lẹ́tà. O ní kí n má bínú pé o ò lè wá, pé ọ̀nà jìn. Mi ò bínú rárá, Bùnmi. Ọ̀rọ̀ "ọ̀nà jìn" yẹn ló kàn ń dùn mí, torí bọ̀ọ̀dá mi kúrò ní London lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́ ó ti wà ní Sùúrùlérè tó ń mu ògì. Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ péré ló lò lójú ọ̀run.

Ni mo bá ṣí máàpù lórí fóònù, mo wọ̀n ọ́n. Èkó sí London, nǹkan bíi 5,000 kìlómítà. Èkó sí Salvador, olú ìlú Bàhíà ní Bràsíìlì níbi tó o wà, nǹkan bíi 5,100. Àní 100 kìlómítà ni wọ́n fi jura wọn lọ! Kò tó Èkó sí Ìbàdàn! Mo tún un wọ̀n torí mo rò pé mo ṣì í ni. Bàálù tó ń sá bíi 900 kìlómítà ní wákàtí kan, tó bá gbéra ní Ìkẹjà tó kọrí sí ìwọ̀ oòrùn, òkun nìkan láá máa rí nísàlẹ̀ títí táá fi dé ọ̀dọ̀ yín, kò sì lè ju bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀ yẹn náà lọ.

Ṣùgbọ́n ta ló ń fò ó? Ṣé o rántí bó o ṣe wá síbi ìgbéyàwó mi, Salvador sí São Paulo, São Paulo sí Addis Ababa, bíi wákàtí méjìlá lórí ìjókòó kan, kó o tó wá wọ òmíì láti Addis wá sí Èkó. Ó ju 15,000 kìlómítà lọ, ìlọ́po mẹ́ta! O kọjá wa lọ sí ìlà oòrùn Áfíríkà pátápátá kó o tó padà sẹ́yìn, bí ẹni tó ń lọ sí Abẹ́òkúta tó wá gba Kánò. Mo ṣì ń rí bí ẹsẹ̀ ẹ ṣe wú lọ́jọ́ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì àtàwọn ọmọ wọn, láyé ọkọ̀ ojú omi, lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí tó ṣẹlẹ̀ ní Salvador níbẹ̀ yẹn ní 1835, ọ̀pọ̀ wọn wọkọ̀ padà wá sílé. Ọ̀sẹ̀ lọ́nà ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń lò lórí omi, àmọ́ ọkọ̀ tó bá gbéra ní Bàhíà lè gúnlẹ̀ sí Èkó tààrà. Ilé wọn ló ṣì wà ní Pópó Àgùdà yẹn.

Ní 2025 ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn pé kí bàálù máa fò tààrà láàárín Nàìjíríà àti Bràsíìlì. Àdúrà tí mò ń gbà lórí ẹ̀ ò kéré o, kódà kó jẹ́ São Paulo ló máa balẹ̀ sí.

Jọ̀ọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó tíkẹ́ẹ̀tì fún ìrántí ọdún kan Mọ́mì. Pè mí lálẹ́ òní, aago mẹ́jọ tiwa, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ yín. Aṣọ ẹbí ẹ, yáàdì márùn-ún, ó ṣì wà nínú báàgì lọ́dọ̀ mi, mi ò fún ẹnì kankan.

Ọ̀rẹ́ ẹ,
Ṣadé