Lẹ́tà sí Àjọkẹ́, láti Ìsẹ́yìn

Àjọkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ọ̀hún ti dín kù? Ara ìyá rẹ le. Mo yà kí wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, mo bá wọn nídìí ọkà, ọjọ́ tí wàá wálé ni wọ́n tún ń bi mí. Wọ́n ti pààrọ̀ páànù tó ń jò. Ìyàwó alófì ti bí, ọkùnrin ni.

Ọ̀rọ̀ Ráfíà ọmọ mi ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, bàbá rẹ̀ kì í jìnnà sí mi.

O rántí bí a ṣe máa ń gba Ọ̀yọ́ yí po lọ sí Ìbàdàn nígbà ọmọge wa, torí pé ọ̀nà Mọ́níyà ti di kòtò? O ò ní dá a mọ̀ mọ́. Gbogbo 65 kìlómítà láti Mọ́níyà dé Ìsẹ́yìn ni ìjọba Mákindé da ọ̀dà sí. Mo lè kírun àárọ̀ tán kí n gbéra, kí n ta gàrí mi ní Bódìjà, kí n sì wálé wá dáná alẹ́. Tẹ́lẹ̀, àfi kí n sùn síbẹ̀, o sì mọ ohun tí ẹbí ọkọ máa ń sọ nípa obìnrin tó bá sùn síta. Mo dúpẹ́ ọ̀nà yẹn, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀dà ò wọ oko. Láti oríta dé abúlé, yẹ̀pẹ̀ pupa ni, ọ̀kadà ló ń gbà á. Àpò gàrí méjì, obìnrin kan, ọmọ lẹ́yìn, lórí ọ̀kadà kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, tí lítà kan fò láti ohun tí kò tó 200 náírà kọjá 500, owó ọkọ̀ ló ń jẹ èrè wa. Àwọn alágbàtà náà ti gbọ́n. Oríta ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ wá dúró sí, iye tó wù wọ́n ni wọ́n ń pè, wọ́n mọ̀ pé a ò lè ru gàrí padà sóko.

Lóṣù tó kọjá, aago mẹ́jọ àárọ̀ lèmi àti Ráfíà ti wà ní oríta. Dẹ́rẹ́bà tá a bá ṣàdéhùn yà lọ kó iṣu ọkùnrin kan tó san jù wá lọ. Aago mẹ́rin kọjá kó tó wá gbé wa. Ká tó dé Bódìjà, àwọn oníbàárà mi ti lọ. Orí àpò la sùn mọ́jú. Láàárín òru ni ọmọ yìí ní, "Màámi, mo fẹ́ kọ́ ọkọ̀ wíwà. Èmi ni n ó máa gbé yín." Mo rò pé oorun ló ń sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ mọ́, mo bá a tó ń ṣírò lẹ́yìn páálí: bọ́ọ̀sì kékeré tòkunbọ̀, epo, obìnrin mẹ́jọ, àpò mélòó. Àjọkẹ́, ìṣirò náà jóòótọ́! Ẹgbẹ́ àjọ wa ti gbà láti dáwó sí i.

Bàbá rẹ̀ ló kọ̀. Ó ní àwọn ọmọ gáréèjì ò ní gbà fún un, ó ní ta ni yóò fẹ́ ẹ. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ìyẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé àbúrò rẹ̀ dé láti ọ̀nà Ọ̀yọ́, kò jókòó níwájú ọkọ̀ mọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, eré táwọn awakọ̀ ń sá lórí ọ̀dà tuntun yìí pọ̀ jù. Àmọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà ni ọmọ yìí ń gùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn ọmọkùnrin tó ti mu paraga. Ṣé ìyẹn ló wá dáa?

Àjọkẹ́, ìwọ lo mú wa pàdé, kì í bá ọ jiyàn. O sọ fún mi pé obìnrin ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ ní Manchester, àti pé ó ti tó ìyá àgbà. Jọ̀ọ́, sọ ọ́ fún un. Má dárúkọ àbúrò rẹ̀. Má sì jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo bẹ̀ ọ́. Pè é lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá ti jẹun tán, inú rẹ̀ máa ń dùn nígbà náà. Ráfíà ò mọ̀ pé mo kọ lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́ rẹ