Ọwọ́ ta ni eré tí ẹ jọ ṣe yóò kù sí?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ tó ń wá géèmù RPG tí wọn yóò jọ máa ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì la bá wá, ìyẹn géèmù tí oníkálukú ti ń gbé àwọ̀ jagunjagun tàbí oṣó wọ̀, tí ẹ̀dá rẹ̀ sì ń lágbára sí i bí eré ti ń lọ. "Èwo ló dára jù?" ni wọ́n sábà máa ń bèèrè. Orúkọ mẹ́wàá ni wọn yóò gbọ́. Wọ́n á ra ọ̀kan, wọ́n á gbé e sórí ẹ̀rọ, kò sì ní pẹ́ tí ẹgbẹ́ á fi tú ká. Kì í ṣe pé géèmù náà burú. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni wọn ò bèèrè: bí a bá jọ ṣeré fún wákàtí mẹ́ta, tí a pa ẹ̀rọ, ọwọ́ ta ni ohun tí a ṣe yóò wà? Orúkọ "co-op" (eré àjọṣe) tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ géèmù kò dáhùn ìyẹn. Ohun tó sọ kò ju pé ẹ lè pàdé lọ. Ìsọ̀rí mẹ́ta ni ìdáhùn pín sí: eré tí oníkálukú ní tirẹ̀, tí ẹlòmíràn kàn ń wá bá a níbẹ̀; eré kan ṣoṣo tí gbogbo yín jọ ni ín; àti ayé tó wà lórí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́.

Ẹ wo Genshin Impact, tó jáde ní 2020. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, èèyàn mẹ́rin sì lè jọ wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń sáré sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì dé Adventure Rank 16, ìyẹn ipele kẹrìndínlógún nínú géèmù náà, kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣe é. Òun nìkan ni yóò máa dá rìn títí yóò fi débẹ̀. Bó bá sì débẹ̀ tán, àlejò ló jẹ́ nínú ayé ẹni tó gbà á wọlé. Onílé nìkan ló lè ṣí àpótí ìṣúra, ìtàn gbòógì inú géèmù náà kò sì ṣeé jọ ṣe rárá. Àwọn domain, ìyẹn ibi ìjà tó dá dúró, ló tọ́ kí ẹ jọ ṣe níbẹ̀, nítorí oníkálukú ń fi Original Resin (ohun tí wọ́n fi ń gba èrè nínú géèmù) tirẹ̀ gba èrè tirẹ̀. Ohun mìíràn tún ni server, ìyẹn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tí géèmù ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Yàtọ̀ sí ti China, mẹ́rin ni wọ́n: ti Amẹ́ríkà, ti Yúróòpù, ti Éṣíà, àti ti Taiwan, Hong Kong àti Macao. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀kan kò lè bá ẹni tó wà lórí òmíràn ṣeré, kò sì lè kó ẹ̀dá rẹ̀ lọ síbẹ̀. Àfi kó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fẹnu kò lórí server kí ẹnikẹ́ni tó forúkọ sílẹ̀.

Irú kan náà ni Elden Ring, ti 2022. Èèyàn mẹ́ta péré ló lè jọ rìn, nítorí náà ẹ̀yin mẹ́rin ẹ máa wá ibòmíràn lọ. Bí ẹ bá ti pa ọ̀gá ọ̀tá kan tán, géèmù á dá àwọn olùrànlọ́wọ́ padà sí ayé tiwọn, níbi tí ọ̀tá yẹn gan-an ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin mẹ́ta á pa á lẹ́ẹ̀mẹta nìyẹn.

Monster Hunter: World, ti 2018, gba èèyàn mẹ́rin, àwọn tó fẹ́ràn ìjà yóò sì gbádùn rẹ̀ gan-an. Ibi tó ti ń di wàhálà ni iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ìtàn: oníkálukú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá wọlé, kó wo fíìmù kékeré tó ń fi ẹranko náà hàn, kí ẹlòmíràn tó lè wá bá a. Ọ̀pọ̀ ló rò pé íntánẹ́ẹ̀tì wọn ló bàjẹ́ nígbà tí ilẹ̀kùn kò ṣí. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí gbogbo yín bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wo fíìmù náà tán, kí ẹnì kan dúró, kí àwọn mẹ́ta yòókù jáde, kí wọ́n sì wá darapọ̀ mọ́ ẹni tó dúró.

Bó bá jẹ́ ìtàn kan ṣoṣo tí gbogbo yín jọ ni ín lẹ ń wá, Baldur's Gate 3 ti ọdún 2023 la ó kọ́kọ́ dárúkọ. Èèyàn mẹ́rin ni, oníkálukú sì ń dúró de ìgbà tirẹ̀ nínú ìjà, nítorí náà íntánẹ́ẹ̀tì tó falẹ̀ díẹ̀ kò ní pa yín lára. Láti oṣù kẹrin 2025, ẹni tó wà lórí PC (kọ̀ǹpútà) lè bá ẹni tó wà lórí PlayStation 5 tàbí Xbox Series ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ń gba àyè 150 GB lórí SSD, ìyẹn ibi ìpamọ́ tó yára nínú ẹ̀rọ. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá gbé ìyẹn, kó wo Divinity: Original Sin 2, ti 2017, ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan náà ló ti wá, èèyàn mẹ́rin ló gbà bákan náà. Àìwá ẹnì kan ló ń ba irú eré yìí jẹ́: àwọn mẹ́ta á máa ṣèpinnu lọ, ẹnì kẹrin á sì padà wá bá ìtàn tí kò mọ orí, kò mọ ìdí. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ eré kejì lọ́tọ̀ fún ọjọ́ tí iye yín kò bá pé.

Stardew Valley, géèmù iṣẹ́ oko, náà ní tirẹ̀. Inú ẹ̀rọ ẹni tó dá oko sílẹ̀ ni oko náà wà. Bí kò bá sí nílé, kò sí oko. Ẹni tí àyè rẹ̀ gbà jù ni kí ẹ fi ṣe onílé.

Ìsọ̀rí kẹta ni ayé tí kì í kú, tó wà lórí server ilé iṣẹ́, níbi tí ẹ̀dá oníkálukú ti jẹ́ tirẹ̀. Ipele ló ń tú ẹgbẹ́ ká níbẹ̀. Ọ̀kan nínú yín ń wọlé lójoojúmọ́, àwọn yòókù ń wọlé lópin ọ̀sẹ̀; láìpẹ́ yóò ti wà ní ipele 60 nígbà tí wọ́n wà ní 15. Guild Wars 2 ló wo èyí sàn jù lójú tiwa: bí ẹni tó wà ní ipele 80 bá wọ agbègbè àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, géèmù á sọ agbára rẹ̀ kalẹ̀, ìjà á sì yẹ gbogbo yín. Abala àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, kò sì sí owó oṣooṣù. The Elder Scrolls Online náà ti ń mú ipele dọ́gba láti 2016.

Final Fantasy XIV ní abala ọ̀fẹ́ tó dé ipele 70, èyí tó gùn gan-an, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó wà lórí abala ọ̀fẹ́ kò lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ pè é. Bí gbogbo yín bá wà lórí ọ̀fẹ́, kò sẹ́ni tí yóò pe ẹnì kejì. Ẹni tó bá sì sanwó lẹ́ẹ̀kan kò lè padà sí ọ̀fẹ́ mọ́. Èèyàn mẹ́rin ló ń wọ dungeon, ìyẹn ibi ìjà tí ẹgbẹ́ ń jọ wọ̀: ẹnì kan ń fi àyà gba ìyà, ẹnì kan ń wo ọgbẹ́ sàn, méjì ń pa ọ̀tá. Ẹ pín iṣẹ́ yìí kí ẹ tó dá ẹ̀dá yín, nítorí bí gbogbo yín bá fẹ́ pa ọ̀tá, ẹ ó pẹ́ lórí ìlà kí ẹ tó rí ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ yòókù.

Bí àwọn kan bá ní fóònù nìkan, tí àwọn kan ní kọ̀ǹpútà tó ti gbó, Old School RuneScape gba gbogbo yín lórí server kan náà. Ó ní Group Ironman, irú eré kan tí ẹgbẹ́ ń dá gbára lé ara rẹ̀, fún ẹni méjì sí márùn-ún, tí ẹ jọ ní àpótí ẹrù kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mú ọ̀kan, ẹnì kan kọ́ ni kó dán an wò. Kí gbogbo yín wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan náà, kí ẹ wo ping yín, ìyẹn àkókò tí ìsọfúnni fi ń lọ sórí server tó sì ń padà bọ̀: géèmù tí ń fẹ́ kéèyàn tètè yẹ ọfà ń fẹ́ kó wà lábẹ́ 100 mílísẹ́kọ́ǹdù. Steam, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ń dá owó padà bí kò bá tíì ju ọjọ́ 14 lọ tí ẹ rà á, tí ẹ kò sì tíì ṣe é tó wákàtí méjì. Àkókò tí ẹ fi ń tún irun àti ojú ẹ̀dá yín ṣe wà nínú wákàtí méjì yẹn, nítorí náà ẹ fi ojú tó bá wà ṣe ìdánwò. Bí wíwọlé bá kọ̀, kí ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá version (ẹ̀dà géèmù) kan náà ni gbogbo yín ń lò, kí ẹ sì yọ gbogbo mod (àfikún tí àwọn eléré ṣe) kúrò.

Olóòtú, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé nígbàkígbà tí ẹ bá ń kọ nípa géèmù, ẹ bá wa tẹ nǹkan mẹ́rin sábẹ́ orúkọ rẹ̀: iye èèyàn tó gbà, ẹ̀rọ tó ń bá ara wọn ṣe é, server tó ní, àti ẹni tí eré náà ń kù sí lọ́wọ́.

Àwa ni,
Àwọn òǹkàwé yín tó ń ṣe géèmù