Ilé Ìdáná Tí A Kò Ti Lè Ro Ọkà

Olóòtú Ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tí ó ní kí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́ má ṣe dáwọ́ lé àtúnṣe ilé ìdáná rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé ìlọ́po owó tí ó rò pé òun fi pamọ́ ni yóò ná nígbà tí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi náà sì ti jìyà díẹ̀ lórí rẹ̀, bí n ó ti sọ níwájú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò mẹ́nu bà, òun ni ó sì mú mi kọ̀wé: àwọn oníṣẹ́ tí a ń pè kì í sábà bi ẹni tí yóò máa dáná léèrè ohun tí ó fẹ́ máa sè níbẹ̀.

Ilé bàbá mi ní Tákíé, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ni a ń gbé, ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára. Nígbà tí a fẹ́ sọ ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé di ti ìgbàlódé, bíríkìlà méjì ni ó wá wò ó, àwòrán kan náà ni àwọn méjèèjì sì fi hàn mí lórí fóònù: pèpéle tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3 yí ògiri ká, gáàsì lórí rẹ̀, táìsì láti ilẹ̀ dé àjà. Ó dára fún ẹni tí ń din ẹyin. Àwa kọ́ nìyẹn. Àwa ni wọ́n ń kì ní Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, ẹni tí ó bá sì ti ro ọkà rí mọ̀ pé èjìká ni agbára rẹ̀ ti ń wá, pé òkè ni a ti ń fi omorogùn tẹ èlùbọ́ mọ́ ìkòkò. Bí a bá gbé sítóòfù tí ó ga ní íǹṣì 4 lé pèpéle ẹsẹ̀ bàtà 3, tí a sì gbé ìkòkò oní-íǹṣì 10 lé e, ẹnu ìkòkò náà ti kọjá ẹsẹ̀ bàtà 4, àyà obìnrin tí kò ga púpọ̀ ni ó dé yẹn. Ìyá àwọn ọmọ mi wo àwòrán náà títí, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé kí n máa gun àpótí ro ọkà ni?”

Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé èmi fúnra mi ni n ó ṣe é. Mo ní kí ó jókòó sórí àpótí tí ó máa ń jókòó lé, kí ó di omorogùn mú bí ẹni tí ń rokà, mo sì fi tépù wọn ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì 9 ga ní íǹṣì 9, ó sì gùn ní íǹṣì 18. Mẹ́rin léra wọn ni ó ń di ẹsẹ̀ bàtà 3 tí wọ́n ń kọ́. Ní igun kan, ipele kan ṣoṣo ni mo tò, mo sì da kankéré oní-íǹṣì 3 lé e, kí sítóòfù ọkà lè wà níbẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí ó ti ń gé ẹ̀fọ́, mo gbé e ga, ṣùgbọ́n ìgúnpá rẹ̀ ni mo fi ṣe ìwọ̀n, kì í ṣe àwòrán. Mo fi irin sínú kankéré tí ó jẹ́ orí pèpéle gíga yìí, n kò sì yọ pákó tí ó gbé e ró kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń bi mí pé ṣé kò tíì gbẹ ni.

Ibi ìsàlẹ̀ yìí ní ewu tirẹ̀, mo sì bẹ àwọn tí wọ́n bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ pé kí wọ́n fi ọkàn sí i. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, ilẹ̀ ni ó ń rọ́ sí bí omi, kì í gòkè lọ bí èéfín, nítorí náà fèrèsé tí ó wà lókè nìkan kò lè kó o jáde. Mo lu ihò kan sí ìdí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀, mo sì fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí eku. Sílíńdà oní-kílò 12.5 wà níta lábẹ́ ìbòòji, ó dúró ṣánṣán, rọ́bà rẹ̀ nìkan ni ó gba inú ògiri wọlé. Nígbàkigbà tí a bá pààrọ̀ sílíńdà, ìfófó ọṣẹ ni a ń fi pa ibi tí rọ́bà ti so mọ́ ọn. Bí ó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìṣáná wò ó.

Ní ti táìsì, mo gbà fún òǹkàwé yín. Mo fi sìmẹ́ńtì sí àárín táìsì, n kò jẹ́ kí ó dé igun, nítorí mo rò pé ìwúwo rẹ̀ yóò tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Lọ́jọ́ kìíní tí a gbé odó wọlé gún iyán, táìsì méjì fọ́ kí iyán tó kúnná. Nígbà tí mo fi kọ́kọ́rọ́ kan àwọn yòókù, méje ni ó ń dún bí akèrègbè òfìfo. Mo tú wọn, mo tún wọn lẹ̀, mo sì kó odó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn lórí kankéré lásán, níbi tí kò yẹ kí a ti gbé e kúrò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo sì ń tú u ni mo rí i pé ilẹ̀ náà kò dà sí ibì kankan, omi kàn ń dúró sí àárín ni. Kí ilẹ̀ fi íǹṣì 1 rẹlẹ̀ fún ẹsẹ̀ bàtà 5 ti tó láti mú omi lọ sí ojú ihò tí omi ń gbà jáde.

Ògiri amọ̀ kì í di sìmẹ́ńtì mú, ìdí nìyí tí rírẹ́ àtijọ́ fi ń ṣí bí èèpo ọsàn. Ìṣó ni mo fi kan nẹ́ẹ̀tì onírin mọ́ ọn kí n tó rẹ́ ẹ, páànù yanrìn mẹ́rin sí páànù sìmẹ́ńtì kan, àti nítorí pé ìgbà ọyẹ́ ni, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mo ń wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7 kí ó má bàa sán. Sìmẹ́ńtì tútù a máa jó ara; ẹ má fi ọwọ́ lásán pò ó.

Ìka tó tọ́ sí imú ni a fi ń re imú, nítorí náà oníná ni ó ṣe waya. Àjà àtijọ́ tí a fi asbestos ṣe ni n kò fọwọ́ kàn rárá, nítorí eruku rẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí kò bá tíì fọ́, ẹ má gún un, ẹ má sì fi ayùn gé e.

Ìyá Ìbejì ń rokà nígun rẹ̀ báyìí láìgun àpótí. Síńkì nìkan ni kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí ìkòkò ńlá tí a fi ń se ẹran Iléyá kò wọ inú rẹ̀, àwòrán bíríkìlà ni mo sì tẹ̀ lé nígbà tí mo rà á.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan,
Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́.