Fóònù ọmọ yìí, ìwé rẹ̀ ni

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó ní kí wọ́n máa gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ girama, láìsí tàbí-ṣùgbọ́n. Mo fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì, mo mọ ohun tí fóònù fi ojú olùkọ́ rí. Èmi náà ti gbà á lọ́wọ́ ọmọ tó ń wo bọ́ọ̀lù lábẹ́ tábìlì nígbà tí mò ń ṣàlàyé arọ́pò orúkọ lójú pátákó. N kò bá ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn jà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá a fà: "gbogbo" tó lò yẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé lọ́dọ̀ mi n'Íbàdàn níbí. Ó wà ní SS 2. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn akanda ẹ̀dá ló ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ti mọ bíréèlì, àmì tó yọ sókè lójú ìwé tí wọ́n ń fi ìka kà, ṣùgbọ́n àárín àwọn ọmọ tó ríran ló wà báyìí, kíláàsì tó sì ń bá wọn jókòó lé ní ọgọ́ta ọmọ. Olùkọ́ á kọ nǹkan sójú pátákó, á ní "ẹ wo ibí yìí," á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Fóònù ló ń gba ọmọ yìí sílẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì rí i kò ní gbà gbọ́. Inú fóònù Android tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ni ohun kan wà tó ń jẹ́ TalkBack. iPhone náà ní tirẹ̀, VoiceOver. A kì í san kọ́bọ̀ lórí wọn. Bí wọ́n bá ti tàn án, ohunkóhun tí ìka bá kàn lójú fóònù ni fóònù yóò pè síta. Bó bá fẹ́ ṣí i, á fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá gbé kámẹ́rà sókè orí ìwé tí wọ́n tẹ̀, fóònù á kà á sí i létí. Ọmọ náà ti mú kí ohùn fóònù náà yá débi pé etí tèmi kò gbọ́ ju "wùrùwùrù" lọ, òun á sì ní, "Bàbá, ó ti ka ojú ìwé kejì tán." Lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀wẹ̀, NVDA wà, ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà síta, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Àwọn ọkùnrin méjì ará Australia, Michael Curran àti James Teh, tí àwọn fúnra wọn kò ríran, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, nítorí pé irú ẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà wọ́n ju agbára àwọn èèyàn lọ.

Ní táàmù tó kọjá, olùkọ́ tí iṣẹ́ kàn lọ́jọ́ náà gba fóònù yìí lórí ìlà àárọ̀. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ wọn ni pé fóònù tí wọ́n bá gbà, ó di ìparí táàmù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Inú fóònù yẹn ni gbogbo nóòtì ọmọ náà wà. Inú rẹ̀ ni ìwé Bàọ́lọ́jì wà, èyí tí èmi àti ìyàwó mi fi òru mẹ́ta yà ní fọ́tò lójú ewé lójú ewé. (Kí ẹnikẹ́ni má pè wá ní olè o. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Marrakesh, ti 2013, tí Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀, fi àyè sílẹ̀ kí wọ́n lè sọ ìwé di ohun tí ẹni tí kò ríran lè kà.) Ká ní ọmọ tó ríran ni wọ́n gba gbogbo ìwé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn òbí ì bá ti kún ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Mo lọ bá ọ̀gá wọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó fún mi ní àga. Ó ní, "Bàbá, bí mo bá gbà fún ọ̀kan, àwọn yòókù á ní àwọn náà ń fẹ́." Mo ní, "Ọ̀gá, ọmọ kan wà níbí tó ń fi igi tilẹ̀ rìn, mo rí i bí mo ṣe ń wọlé. Mélòó nínú àwọn yòókù ló ti wá bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fún àwọn nígi?" Ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n dá fóònù padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní bó bá ti wà ní kíláàsì, kó má mú un jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kó ti wá máa mú un jáde? Nínú ọjà Bódìjà?

Kí wọ́n má rò pé mò ń ní kí wọ́n pa bíréèlì tì. Ọmọ tó ń fi etí nìkan kàwé kì í mọ sípẹ́lì. Ìka ló ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ bíréèlì wọ́n, ó wúwo bí òkúta, ìwé kan ṣoṣo tí ẹ bá sì sọ di bíréèlì lè di ìdìpọ̀ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ta ni yóò rù ú gun mọ́tò?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù, iṣẹ́ tèmi náà ni. Ohùn Òyìnbó ni fóònù ọmọ yìí fi ń ka Yorùbá. Mo tẹ gbólóhùn kan sí i: "Ọkọ Àdùkẹ́ gbé ọkọ́, ó wọ ọkọ̀, ó dorí kọ oko." Ohun tí fóònù kà kò ju "oko, oko, oko, oko" lọ. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, oko mélòó ni bàbá yìí ní gan-an?" A jọ rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo rò ó pé ọmọ yìí yóò jókòó ṣe Yorùbá ní WAEC. Nínú bíréèlì Yorùbá, ẹ, ọ àti ṣ ní àmì tiwọn, ìka rẹ̀ sì mọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ ń ṣe áàpù tí a fi ń ta kálòkálò, ohùn Yorùbá tó mọ dò, re, mí ń dúró dè yín.

Ìjọba kò kúkú dákẹ́. Èkó ti ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ akanda ẹ̀dá láti 2011. Ní oṣù kìíní 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀. Òfin yẹn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni fún wọn títí dé girama, ó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú wọn, ó tún ní kí bíréèlì àti èdè àmì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ. Ọ̀yọ́ kò jìnnà síbí, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ láti 1977. JAMB pàápàá, láti 2017 ni wọ́n ti ní ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìdánwò àwọn tí kò ríran, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ló darí rẹ̀. Ẹni tó ń dánwò ọjọ́ kan rí ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó ń fi ọdún mẹ́fà múra dè é ni wọ́n ń gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba bílíọ̀nù. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ orúkọ ọmọ tí ẹ̀rọ jẹ́ ojú tàbí etí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fi ìwé lé e lọ́wọ́, kí gbogbo olùkọ́ mọ̀. Kí wọ́n jẹ́ kó fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí etí kan. Kí wọ́n wá ibi tí yóò ti máa rí iná gba agbára sí fóònù, torí iná tiwa yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kí olùkọ́ sì máa pe ohun tó bá kọ sójú pátákó síta. Ọmọ adití ni kó kọjú sí kó tó sọ̀rọ̀, torí ẹnu ni òun ń wò.

Ó ku ọ̀kan. Àwọn olùkọ́ máa ń ya nóòtì ní fọ́tò sórí WhatsApp. Bí TalkBack bá dé ibẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kì í sọ ju pé àwòrán ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ìwé odindi lẹ máa ń yà sórí Facebook. Bí lẹ́tà yìí bá rí àyè lọ́dọ̀ yín, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má yà á ní fọ́tò, ẹ má sì yọ àmì orí rẹ̀. Ọmọ kan wà nílé mi tó ní òun fẹ́ kà á fúnra òun.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn